Igi Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Bàbá Mi

Bí mo bá gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lówùúrọ̀, tí ó wá dà pọ̀ mọ́ òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán, kíá ni ọkàn mi máa ń padà sí pápá kan ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé tí à ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ló wà lẹ́yìn ògiri pápá náà. Ní gbogbo Sátidé ni èéfín wọn ń wọlé tọ̀ wá, a ó máa sáré, a ó máa wúkọ́, a ó máa sín. Kóòṣì wa a ní èéfín yẹn ń kọ́ wa bí eléré ṣe ń mí ni. Irọ́ funfun báláú ni, ṣùgbọ́n a gbà á gbọ́, nítorí pé kò sí ohun tí obìnrin yẹn sọ nígbà náà tí a kì í gbà gbọ́.

Kílọ́ọ̀bù eléré ìje ni a ń pe ara wa. Bí o bá rí wa lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ mi, wàá rẹ́rìn-ín. Bàtà eléré kò sí, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sáré. Ìlà tí à ń sáré láàárín rẹ̀, eérú tí a lọ bù nídìí ààrò àwọn oní-gàrí ni Kóòṣì fi ń fà á, bí òjò bá sì ti rọ̀, a ó tún un fà. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, obìnrin gíga, dúdú, tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó kàn rí i pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Sátidé jókòó kalẹ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n dìde.

Màmá mi jẹ́ kí n lọ nítorí pé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo ti dákẹ́. Mò ń jẹun, mò ń lọ sílé ìwé, mò ń bá a ta abọ́ rọ́bà ní ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bá mi sọ̀rọ̀, orí ni mo máa ń mì. Ẹ̀rù bà á. Obìnrin kan ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwa ló sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré, pé ọmọ tó bá ń làágùn kì í lè di ìbànújẹ́ sínú pẹ́. Màmá mi mú mi lọ fúnra rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́, ó fà mí lé Kóòṣì lọ́wọ́, ó yára padà sọ́jà. Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i ni, ì bá ti mú mi padà sílé, nítorí kò pẹ́ tó yí ẹ̀yìn padà ni ọmọ bàbá mi gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé.

Ó yẹ kí n là á yé ọ. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Màmá rẹ̀ ni ìyálé, màmá mi ni ìyàwó. Oṣù díẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi jù mí lọ. Nígbà tí bàbá wà láyé, abọ́ kan náà ni àwa méjèèjì ti ń jẹun. Bí ẹran bá ku ẹyọ kan, bàbá ló máa ń fi eyín gé e sí méjì fún wa, a ó sì jọ máa jà lórí èyí tó tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni bàbá ṣubú lọ́jọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti dókítà níbi tí orogún méjì ti ń sunkún ọkọ kan ṣoṣo? Màmá mi ní ilé ìyálé ló ti jẹun kẹ́yìn. Ìyálé ní ẹ̀kọ tí ìyàwó fún un mu láàárọ̀ ló gbé e lọ. Kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ tán, màmá mi ti kó ẹrù wa lọ sílé bàbá tirẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ tí a dé ibẹ̀, ó fà mí létí. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ ẹ́ o, ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé dáadáa ni. Ó ní, “O ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀hún. Ìbáà ṣe bisikíìtì, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Bó bá di dandan, ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí o tó mú un.” Ìwọ náà mọ ìgbàgbọ́ àwọn àgbà wa, pé ohun tí a bá kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ilẹ̀ á ti gba ibi tó wà nínú rẹ̀. Mo mi orí. Mo fẹ́ràn màmá mi, mo sì gbà pé ó fẹ́ kí n wà láàyè ni.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, èmi àti ọmọ bàbá mi kàn ń yẹra fún ara wa lórí pápá. Bó bá wà níhìn-ín, èmi á wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Kóòṣì kò mọ ìtàn kankan, ẹsẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tó fẹ́ yan àwọn tí yóò sáré onígi, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́rin máa ń sá, tí ẹni kan yóò gbé igi fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó fi ọmọ bàbá mi ṣe ẹnì kẹta nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí pápá ti tẹ̀ yí bíi tirẹ̀. Ó fi èmi ṣe ẹnì kẹrin. Igi tí à ń lò, ara ọwọ́ mọ́ọ̀pù kan tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ti gé e.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dán an wò, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ bàbá mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo yípadà, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo ní, “Gbé e sílẹ̀.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò yà á lẹ́nu. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igi náà sórí koríko jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì sún sẹ́yìn kí n lè mú un. Mo mú un, mo sáré lọ. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹnì kan ní ṣé eré ìje ni àbí a ń rú ẹbọ. Ṣùgbọ́n Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun náà, kò sí ohun tí a máa ṣàlàyé fún un. Ó pe àwa méjèèjì sábẹ́ igi máńgòrò.

“Ọmọ ìyá kan náà ni yín?”

“Rárá, mà,” ọmọ bàbá mi ló dáhùn. “Ọmọ bàbá ni wá.”

“Ó dáa.”

Kò bi wá ní ohun mìíràn. Mo rò pé yóò pààrọ̀ ipò wa, ó sì rọrùn fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò ìyẹn, ó mú apá mi, ó nà án sẹ́yìn, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè. Ó ní, “Nínú eré yìí, ẹni tó ń gba igi kì í wẹ̀yìn. Tó o bá wẹ̀yìn, o ti pẹ́. Bó bá ti ń sún mọ́ ọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Kọjú síwájú, kí o na ọwọ́. Ẹni tó ń bọ̀ ló máa wá ọwọ́ rẹ kàn. Tó bá ti dé, á ní ‘Gbà!’” Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí gbogbo ayé ṣe ń sá a nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé torí tiwa ló ṣe dá ọgbọ́n náà.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì títí Sátidé kejì fi dé. Màmá mi ní kí n má gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí n kò bá wẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni? Ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́yà àgbà kan kò lè ro ẹjọ́ náà dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a tún sá a, mo kọjú síwájú, mo na ọwọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: “Gbà!” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá. Igi náà gbóná, ó sì rin fún òógùn ọwọ́ rẹ̀. Mo dì í mú, mo sá a dé òpin. Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, mò ń retí kí inú máa run mí. Inú kò run mí. Ebi ló pa mí, mo sì jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Mo máa ń ṣe bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ kí n lè ráyè wò ó dáadáa. Bó bá ń sáré, èjìká òsì rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ti bàbá wa bó bá ń rìn kíákíá lọ síbi iṣẹ́. N kò mọ̀ pé mo ti gbàgbé ìrìn bàbá mi àfìgbà tí mo rí i lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó sá kọjá níwájú mi, ẹkún gbọ̀n mí, ẹkún tí n kò lè sun níbi ìsìnkú. Mo lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo sun ún dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó wá jókòó, kò sún mọ́ mi jù, kò fọwọ́ kàn mí.

“Èmi náà,” ló sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ ọmọ yìí padà. Ẹ̀rù tó wá ń bà mí láti ọjọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rù ẹgba. Bí màmá mi bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó máa yọ mí kúrò nínú kílọ́ọ̀bù, màá sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá bi mí pé ta ni àwọn tí à ń jọ ń sáré, màá dárúkọ gbogbo wọn, màá fò ó.

Nígbà tó yá, Kóòṣì ní a ń lọ bá àwọn kílọ́ọ̀bù mìíràn díje ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá mi ní òun kò lè wá, ọjọ́ ọjà ni. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. A wọ bọ́ọ̀sì kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé láìfi okùn so ó, a sì kọrin dé ibẹ̀, torí pé ọ̀nà náà nígbà yẹn, kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá kọrin á pariwo. Igi káṣú ló yí pápá tí a ti díje ká. Èso rẹ̀ ti já sílẹ̀, àwọn ọmọ onílé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, òórùn dídùn rẹ̀ sì ń ta sánsán nínú oòrùn.

Eré onígi ni wọ́n fi parí rẹ̀. Mo dúró sí àyè mi, èmi àti àwọn ẹnì kẹrin ìlú yòókù. Ẹnì kejì wa ti gbé igi fún ọmọ bàbá mi nígbà tí mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pe orúkọ mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́. Màmá mi ni. Ó ti tilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, ó ti wọkọ̀ tẹ̀lé wa, kò sì mọ ibi tí àwọn òbí ń jókòó sí, ibi tó ti rí mi ló wá dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ó tú gèlè lórí, ó ń jù ú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti di opó. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀nà tí igi ti ń bọ̀, ó rí ẹni tó gbé e lọ́wọ́, ó sì rí èjìká náà. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ lọ.

Àsìkò ti tó kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo kọjú síwájú, mo na ọwọ́ sẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn màmá mi lápá ọ̀tún, ohùn tí mo mọ̀ ju ohùn èyíkéyìí lọ láyé: “Má gbà á! Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!” Àwọn èrò rò pé ó ń dá mi lárayá ni, wọ́n tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo gbọ́ ohùn kejì lẹ́yìn mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má léèémí mọ́: “Gbà!”

Mo gbà á.

Ipò kejì la gbà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló na gbogbo wa, wọ́n ní ilé àwọn ni, wọn ò lè jẹ́ kí àlejò jẹ gàba. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ipò kejì ni abọ́ rọ́bà, irú èyí tó kún ìsọ̀ màmá mi dẹ́nu. Ṣùgbọ́n n kò tíì ráyè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn nígbà tí màmá mi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti di apá mi mú, ó ti lanu, mo sì ti di ojú. Ohùn ọmọ bàbá mi ni mo gbọ́.

“Ẹ káàsán, Mọ́mì kékeré.”

Ó ti kúnlẹ̀ sínú eruku, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ gbẹ táútáú. Bó ṣe ń pe màmá mi nìyẹn nígbà tí a wà nínú ilé kan. Ọwọ́ màmá mi dẹ̀ lápá mi. Ìyá kì í rí ọmọ tó ń mí bẹ́ẹ̀ kó dúró. Kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe é, ó ti ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ti mú omi inú ọ̀rá jáde, ó ti nà án sí i.

Ọmọ náà kò na ọwọ́. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Òùngbẹ ò gbẹ mí.”

Mo rí ojú màmá mi. Gbólóhùn yẹn gan-an ni òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi láti máa sọ nílé ẹni tí a kò bá fọkàn tán. Ó dúró, omi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Wọ́n ní kó o má gba nǹkan lọ́wọ́ mi.” Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. “Lọ́wọ́ èmi?” màmá mi ní. “Èmi tí mo pọ̀n ọ́?”

Gbogbo ìgbà yẹn, ohun tí màmá mi mọ̀ ni pé òun ń sá fún ibi. Kò tíì rò ó rí pé ilé kan wà ní Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé òun ni ibi tí wọ́n ń sá fún, pé ìyá mìíràn ti fa ọmọ tirẹ̀ létí nítorí òun. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó fi eyín já igun ọ̀rá omi náà, ó mu díẹ̀, ó gbé e mì kí ọmọ náà lè rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó tún mu lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ títí ojú òun àti tirẹ̀ fi dọ́gba, ó sì nà án sí i.

Ọmọ bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ń mu ún, omijé ń dà lójú rẹ̀. Màmá mi ní, “Rọra, rọra mu ún. Kó má pá ọ lórí.” Kóòṣì wà lẹ́yìn wọn, ó ti fi fèrè há ẹnu, kò fun ún.

Bọ́ọ̀sì wa ni màmá mi bá wa wọ̀ padà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ọ̀yọ́. Ìgbà náà ló wá sọ, láìwo ẹnikẹ́ni, pé, “Ó ń sáré bíi bàbá yín.” Kò yọ mí kúrò nínú kílọ́ọ̀bù. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó di mọ́ínmọ́ín méjì fún mi, kò sọ ẹni tó ni èkejì. Mo kọ́kọ́ gé èkejì jẹ díẹ̀ kí n tó gbé e fún ọmọ bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má jẹ gbogbo rẹ̀ tán níbi tí mo ti ń tọ́ ọ wò.

N kò ní parọ́ fún ọ pé àwọn ìyá wa di ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ orogún kì í tán ní wàrànṣeṣà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kí ara wọn lóde bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bàbá mi bí àkọ́bí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tísà, ìyálé wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n, kò lè wẹ ọmọ tuntun. Àwọn obìnrin ilé ọkọ pọ̀ tí wọn ì bá wẹ̀ ẹ́. Fóònù màmá mi ló pè. Ó ní, “Ìyàwó mi, wá bá wa wẹ ọmọ. Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́.” Màmá mi kò tilẹ̀ jẹ oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ tán. Èmi ni mo bá a gbé báàgì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń wo màmá mi tó gbé ọmọ náà lé itan, tó ń bomi gbígbóná sí i lára, tó ń na apá rẹ̀, tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyálé sì jókòó tì í, ó ń bá a di orí ọmọ mú bí agbára rẹ̀ ti mọ.

Kílọ́ọ̀bù yẹn ti tú ká tipẹ́. Wọ́n ti kọ́ kíláàsì sórí pápá náà, Kóòṣì ti kó lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó di gbajúmọ̀ eléré. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ọmọ ṣòfò, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a nílò ibì kan tí kì í ṣe ilé ìyá mi, tí kì í sì í ṣe ilé ìyá rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wúlò fún mi, tí tèmi yóò sì wúlò fún un, kó tó di pé àwọn àgbà parí ìjà wọn. Ní tèmi o, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fún mi níbẹ̀.